Ṣé ojú ọ̀run ló ti já, àbí ìdàrọ́ àwọn baba wa ni? Ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti Òkè-Ògùn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Oko bàbá mi tó ti di olóògbé, tó wà lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, la tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ́dún yìí. Bí katakata ṣe ń tú ilẹ̀ ni òkúta dúdú kan báyìí ń hú jáde ṣáá. Wọ́n wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kan ní ihò wínníwínní bí àkàrà, àwọn kan rí bí ohun tó yọ́ tó wá dì. Òòfà tí mo tú lẹ́yìn sípíkà fa àwọn kan, kò fa àwọn yòókù. Wóró pupa roboto-roboto tún wà níbẹ̀, àti òkúta kan ṣoṣo tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tó ń dán níbi tó ti ṣẹ́. Àbúrò mi ní láti ojú ọ̀run ló ti já. Ẹnì kan sì ti wá láti ìlú, ó ní òun fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni nǹkan wọ̀nyí, kí sì ni kí á ṣe?"

Ẹ kú ìdúró dè mí. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá yín. Fọ́tò méje tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo gbé sójú wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹ́ sọ ibi tí mo dé kí n tó sọ ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀, torí mo mọ̀ pé oníbàárà yín láti ìlú kò ní dúró kí n parí àlàyé.

Oríṣi nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ohun tí ẹ kó jọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe òkúta rárá. Ìdàrọ́ ni, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń ṣẹ́kù nínú iléru nígbà tí wọ́n bá yọ irin kúrò nínú òkúta. Ẹnì kan yọ́ irin lórí ilẹ̀ bàbá yín láyé àtijọ́, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Wóró pupa yẹn, yangí ni. Ọ̀kan ṣoṣo tó ń dán yẹn ló jọ òkúta irin gan-an, irú èyí tí àwọn tó ń yọ́ irin máa ń wá kiri. Nínú ohun tí mo rí, n kò rí ẹyọ kan tó já láti ojú ọ̀run. Ẹ má sì tíì tà á.

Ìdàrọ́ ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, torí òun ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan lára àwọn tó ní ihò bí àkàrà. Ihò yẹn ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Òkúta abẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Ìsẹ́yìn, akọ òkúta àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn ló ti tutù díẹ̀díẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì fún mọ́ra. Afẹ́fẹ́ kì í rú nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ débi tí yóò fi da ihò lu. Òkúta tí òkè ayọnáyèéfín bá pọ̀ jáde ló ń ní irú ihò yẹn, kò sì sí òkè ayọnáyèéfín ní Òkè-Ògùn. Ẹ ní láti dé Jos tàbí Biu kí ẹ tó rí ibi tí irú rẹ̀ ti yọná rí. Tí nǹkan bá ti hó, tó sì dì pẹ̀lú ihò nínú lórí ilẹ̀ tiyín, iná ọwọ́ ènìyàn ló hó o.

Ẹlẹ́rìí kejì wà nínú fọ́tò kẹta. Ojú rẹ̀ ṣàn, ìlà gun ìlà lórí, bí ìgbà tí ògì bá hó jáde lẹ́nu ìkòkò tó sì gbẹ síbẹ̀. Wọ́n la ẹnu kékeré sí ìdí iléru kí ìdàrọ́ lè ṣàn bọ́ síta ni, ìta ló sì dì sí. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ wo ikùn rẹ̀: yóò rí gbágungbàgun, iyanrìn àti ẹrẹ̀ tó jóná yóò ti lẹ̀ mọ́ ọn, torí orí ilẹ̀ ló sùn lé nígbà tó gbóná.

Ṣùgbọ́n fọ́tò karùn-ún ló dá mi dúró. Ẹ wo etí rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ibì kan jin wọnú níbẹ̀, ó ní igun, ìlà tín-ín-rín sì tò sínú rẹ̀ bí ara igi. Ẹyọ èédú kan ló jókòó síbẹ̀. Ìdàrọ́ gbígbóná yí i ká, ó dì, èédú náà wá bọ́ tàbí kó jóná kúrò, àmọ́ ojú ibùsùn rẹ̀ kò parẹ́. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ó ṣì máa ń ṣe mí bí ẹni tó rí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn lórí amọ̀ gbígbẹ.

Ẹ̀yin pàápàá lè rí ẹlẹ́rìí kẹrin, bí ẹ bá padà lọ síbẹ̀. Ẹ wá àfọ́kù ọ̀pá amọ̀ tó ní ihò láàárín, tó nípọn bí apá ọmọdé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹnu rẹ̀ lápá kan yọ́ tó ń dán bí dígí. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú iná nìyẹn. Bí ẹ bá rí ìyẹn láàárín ìdàrọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí ohun tí ojú ọ̀run tàbí omi òjò lè ṣe tí yóò fi ọ̀pá amọ̀ sílẹ̀.

Ẹ óò fẹ́ mọ ìdí tí ìdàrọ́ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n ti yọ irin kúrò nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó dáa ni, ìdáhùn rẹ̀ sì fi ọgbọ́n àwọn baba wa hàn. Kí irin tó lè yọ́ di omi, iná gbọ́dọ̀ gbóná dé 1,538 lórí ìwọ̀n Celsius. Iléru amọ̀ tí wọ́n ń fi èédú dá kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 1,200 ni iná rẹ̀ máa ń dé. Nítorí náà irin inú rẹ̀ kì í ṣàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé òkúta irin jẹ́ irin tó ti di ara kan náà pẹ̀lú ọ́síjìn, gẹ́gẹ́ bí ara àdá tó dógùn-ún. Nínú iléru tí wọ́n bo pa, tí afẹ́fẹ́ kò tó, èédú máa ń mú èéfín kan jáde tó ń já ọ́síjìn náà gbà lọ́wọ́ irin. Irin á wá dá wà, á so mọ́ra bí kànìnkànìn, á di ìṣù kan sí ìsàlẹ̀ iléru. Iyanrìn tó wà nínú òkúta náà wá kù nílẹ̀. Iyanrìn nìkan kò ní yọ́ nínú iná yẹn láéláé. Ṣùgbọ́n bí irin díẹ̀ bá bá a pò, àdàpọ̀ àwọn méjèèjì yóò yọ́ ní nǹkan bí 1,200 náà, á sì ṣàn jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti fi irin kan sílẹ̀ fún iyanrìn kí wọ́n tó lè rí irin yòókù mú. Nínú ìdàrọ́ àtijọ́, irin tó bá iyanrìn lọ yìí lè tó ìdajì gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé kò lè ṣàì wúwo. Bí èérún irin gidi bá wá há sínú rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, òòfà yóò fa ibẹ̀, kò sì ní fa ibòmíràn, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe sọ.

Ìṣù yẹn ni wọ́n máa ń gbé lọ sí àgbẹ̀dẹ. Wọn á tún fi sínú iná, wọn á lù ú títí ìdàrọ́ tó kù nínú rẹ̀ yóò fi tán, kó tó di ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ tàbí ṣaworo. Ẹni tó ń yọ́ irin àti alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọ́, iṣẹ́ méjì ni. Èyí alágbẹ̀dẹ ṣì wà láàárín wa; ti àkọ́kọ́ ni ọjà pa. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ àpèjúwe iléru kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ jáde fún àwọn onímọ̀ irin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléru náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó rí i. Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn kò jìnnà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá irin ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń wọlé sí i, tí owó rẹ̀ kéré ju ti èyí tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sun èédú fún lọ, ni iléru ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lóde òní, sípíríǹgì mọ́tò ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá.

Bí ẹ bá dé Ilé-Ifẹ̀, irin ńlá kan wà láàfin Ọọ̀ni, Ògún Ládìn ni wọ́n ń pè é. Ó rí bí ẹ̀kán omi tó ga, irin tí wọ́n fi ọwọ́ yọ́ ni. Mo ń dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ti ọkọ́ àti àdá nìkan.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ ká dé orí wóró pupa. Yangí kò nílò ìtàn gígùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n; òun náà ni ẹ̀ ń rí níwájú ilé àwọn tó ń bọ Èṣù, òun náà ni wọ́n sì ń dà sójú ọ̀nà oko. Òjò ló ń ṣe é. Bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó máa ń fọ ohun tó rọrùn láti yọ́ kúrò nínú òkúta, irin àti alumíníọ̀mù tí kì í fẹ́ lọ á sì kù sílẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, omi inú ilẹ̀ á gbẹ, irin náà á dì yí èérún iyanrìn ká, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi di wóró. Ẹ fọ́ ọ̀kan sí méjì: bí ẹ bá rí òrùka inú òrùka bí àlùbọ́sà tí wọ́n gé, yangí ni, ẹ má wulẹ̀ dààmú mọ́. Ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n máa ń gé irú rẹ̀ bí búlọ́ọ̀kù nígbà tó bá ṣì rọ̀, wọ́n á fi kọ́lé. Ibẹ̀ ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Francis Buchanan ti rí i tó fi sọ ọ́ ní laterite, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń lò láti ọdún 1807, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí bíríkì.

Ohun kan ló máa ń da àwọn ènìyàn láàmú nípa yangí. Òòfà kì í sábà fà á, ṣùgbọ́n ẹ lè rí àwọn wóró dúdú kan láàárín wọn tí òòfà fà wọ̀ọ̀. Iná ìgbẹ́ ló fa ìyẹn. Bí ẹ bá ti ń jó oko lọ́dọọdún, ooru àti ewé jíjó máa ń yí irin tó wà lójú yangí padà di irú èyí tí òòfà ń fà. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé òòfà nìkan wá sí oko yín, tó ní òun fi mọ ohun tó níye lórí, ẹ rọra bi í bóyá ó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti tinábọ oko náà.

Ó wá ku òkúta kan ṣoṣo tó dán yẹn. Fọ́tò kò lè parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ máa parí rẹ̀ nílé, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ wá àfọ́kù táìlì ilé ìwẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dán ni ẹ máa lò. Ẹ fi igun òkúta náà ha á pẹ̀lú agbára, kí ẹ wo àwọ̀ ìlà tó fà. Àwọ̀ ara òkúta máa ń tan ènìyàn, ìlà yẹn kì í sábà tanni. Bí ìlà náà bá pọ́n bí osùn, òkúta irin pupa ni, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dúdú bí èédú. Bí ó bá dúdú, tí òòfà sì fa òkúta náà gidigidi, òkúta irin dúdú tí í fa òòfà ni. Òun ló ní irin jù, nínú ògidì rẹ̀ irin lé ní ìdá 72 nínú 100. Bí ìlà náà bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi tí irin dógùn-ún sí, ìdílé yangí ni. Bí kò bá fà ìlà kankan, tó kàn ha táìlì, ẹ pa á tì fún mi.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ lọ yá òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ ẹran lọ́wọ́ alápatà. Ẹ fi okùn so òkúta náà, ẹ gbé e kọ́, kí ẹ kọ ohun tó wọ̀n sílẹ̀. Ẹ wá gbé garawa omi sábẹ́ rẹ̀, kí òkúta náà rì sínú omi láìkan ìdí garawa, kí ẹ tún kà á. Yóò fúyẹ́ sí i. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, kí ẹ fi ohun tó kù pín àkọ́kọ́. Bí àpẹẹrẹ, kó wọ̀n kílò 4.2 ní gbígbẹ, kó wọ̀n 3.4 nínú omi; 0.8 ni ìyàtọ̀ wọn, 4.2 tí a fi 0.8 pín á sì jẹ́ 5.25. Ìyẹn ni pé ó wúwo ju omi tó gba àyè kan náà lọ ní ìlọ́po márùn-ún àti díẹ̀. Ibẹ̀ ni òkúta irin dúdú àti pupa máa ń wà. Akọ òkúta lásán kì í ju 2.7 lọ. Yangí àti ìdàrọ́ sábà máa ń wà láàárín 2.5 sí 4, ihò inú ìdàrọ́ sì ń jẹ́ kó yàtọ̀ láti ẹyọ kan sí òmíràn. Irin tó já láti ojú ọ̀run, tó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀, máa ń súnmọ́ 8.

Mo fi Òkè-Ògùn sọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí, torí ilẹ̀ yín ní nǹkan mìíràn tó dúdú tó sì wúwo. Táńtáláìtì, ohun àlùmọ́ọ́nì kan tó níye lórí, wà lágbègbè yín, ọ̀pọ̀ sì ti ń wa kùsà rẹ̀ ní gbangba àti ní bòókẹ́lẹ́. Òun náà dúdú, ìlà rẹ̀ lè dúdú tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè lé ní 6. Òòfà ẹ̀yìn sípíkà kì í fà á bí ó ṣe ń fa òkúta irin dúdú. Bí ti yín bá wọ̀n ju 5.5 lọ, tí òòfà kò sì kà á sí, ẹ dákẹ́ ẹnu, kí ẹ gbé èérún rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ka ohun tó wà nínú òkúta yóò sọ fún yín láìpẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀, òkúta ń já láti ojú ọ̀run lóòótọ́, ó sì ti já sí Nàìjíríà rí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ní Zagami, ní ilẹ̀ Katsina, ń lé ẹyẹ kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀ ni ìró ńlá kan dún, òkúta bíi kílò 18 sì rì sínú ilẹ̀ nítòsí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, láti Mars ló ti wá, pílánẹ́ẹ̀tì pupa yẹn. Ní 1927, irin ńlá kan já sí Udei ní ilẹ̀ Benue. Ní 1984, òmíràn já sí Gujba ní Yobe, àwọn ará ibẹ̀ sì fi òòlù fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó dé. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ti Zagami ni pé, nínú gbogbo wọn, òun tó ti pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn wá ni òòfà kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí.

Ní ti Àkúrẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2020, tí ihò ńlá lu lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé òkúta ọ̀run ni, onímọ̀ kan sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ohun abúgbàù tí ọkọ̀ ń gbé lọ ló bú. Ní tèmi, òkúta ni mo máa ń béèrè, kò sì sí òkúta ọ̀run kankan láti ibẹ̀ tó wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé.

Òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti ọ̀run máa ń ní èèpo dúdú fẹ́lẹ́ lára, tí kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ, torí ojú rẹ̀ nìkan ló yọ́ nínú afẹ́fẹ́. Inú rẹ̀ kò gbọ́ nípa iná. Ẹ lè rí ojú ìka lára rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n tẹ àmọ̀ tútù. Kì í ní ihò wínníwínní nínú. Bí ẹ bá fi fáìlì tí ẹ fi ń pọ́n àdá gé igun rẹ̀ díẹ̀, irin funfun tó ń tàn á yọ nínú ọ̀pọ̀ wọn, yálà gbogbo rẹ̀ tàbí ẹ̀kán-ẹ̀kán láàárín òkúta eérú, níkẹ́ẹ̀lì, oríṣi mẹ́táàlì kan, sì máa ń wà nínú irin náà. Ìdàrọ́ yín kùnà nínú ìdánwò yìí láti orí ihò. Bí ẹ bá sì rí irú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má gbé òòfà alágbára lé e, ó lè nu àmì òòfà àtètèkọ́ṣe tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Ẹ fi okùn so òòfà kékeré, kí ẹ mú un súnmọ́ ọn, kí ẹ wò ó bóyá yóò fì sí i.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dùn àrá ni ẹ̀yin àti àbúrò yín ní lọ́kàn, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Òkúta dídán rẹ́bẹ́tẹ́ tó mú lẹ́nu kan, àáké tí àwọn ará ìgbàanì fi òkúta gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. N kò rí i nínú fọ́tò yín.

Ó wá ku oníbàárà yín láti ìlú. Òkúta irin kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà ní àpò méjì. Òkúta irin Itakpe lẹ́bàá Òkènè ní Kogi, irin inú rẹ̀ kò tó ìdá 40 nínú 100. Torí pé òkè ńlá ni, tí wọ́n sì la ojú irin fún un dé Ajaokuta, ni ó fi yẹ ní wíwa. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ ra ìdàrọ́ inú oko kan gẹ́gẹ́ bí òkúta irin, tàbí kò mọ ohun tó ń rà, tàbí ohun mìíràn ló rí tí kò sọ. Mo ti rí i tí wọ́n ń ta ìdàrọ́ fún àwọn tó ń wá òkúta ọ̀run lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú irọ́ tó gùn ju okùn garawa lọ.

Òfin tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ìdílé yín, ṣùgbọ́n ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 àti òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 sọ. Wíwa kùsà láìgba ìwé àṣẹ lè kó yín sí wàhálà tí ẹni tó rà á kò ní bá yín dá sí. Ìdàrọ́ ní tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá amọ̀ àti ìdí iléru tó bá ṣẹ́kù, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ní agbára lórí rẹ̀. Bóyá ẹ óò sọ pé ìjọba ti jìnnà sí oko yín. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òkìtì ìdàrọ́ tí wọ́n bá ti fi tírélà kó lọ, kò sí ẹni tó lè dá a padà sí bó ṣe wà, bó sì ṣe wà gan-an ni àwọn tó ń ka ìtàn lára ilẹ̀ nílò. Èédú tó bá kù lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí iléru. Bí katakata bá dà á rú, ọjọ́ orí náà lọ.

Bí ó bá jẹ́ èmi, mo máa ní kí awakọ̀ katakata fi ibi tí ìdàrọ́ pọ̀ jù sílẹ̀ lọ́dún yìí. N kò rò pé ó ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ńlá bẹ́ẹ̀. Màá fi igi mẹ́rin sàmì sí igun rẹ̀, màá fi fóònù mú àwòrán rẹ̀ láti òkè, pẹ̀lú àdá kan nílẹ̀ kí ènìyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Màá lọ bá àgbà kan nínú ìdílé, kí n béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe apá ibẹ̀ láyé bàbá yín àti láyé baba bàbá yín. Nígbà mìíràn orúkọ ibẹ̀ nìkan ló ń ràntí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Lẹ́yìn náà ni màá kọ̀wé sí ẹ̀ka ìmọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí n fi fọ́tò náà sínú rẹ̀.

Fún oníbàárà, ẹ sọ fún un pé ẹ ti fi han ẹnì kan, ẹ ń retí èsì. Ẹ óò rí bí yóò ṣe yára tó láti fi owó kún tàbí láti má padà wá mọ́, èyíkéyìí tó bá ṣe nínú méjèèjì á kọ́ yín ní nǹkan kan.

Kí ẹ tó tún kọ̀wé sí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ìdánwò táìlì àti ti omi lórí òkúta tó ń dán yẹn, kí ẹ sì fi àwọn iye náà ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí àfọ́kù ọ̀pá amọ̀, ẹ fi rúlà wọn fífẹ̀ ihò rẹ̀, kí ẹ ka iye ẹnu rẹ̀ tí ẹ rí. Iléru mìíràn ń lo ẹwìrì, òmíràn ń fa afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ń fẹ́ ẹ, irú èyí tó ń fa fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń ní ọ̀pá púpọ̀ yí ìdí rẹ̀ ká. Mo fẹ́ mọ èwo ni àwọn ará oko yín lò. Èyí tó ní ojú èédú lára nínú fọ́tò karùn-ún, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi kànìnkànìn ra á. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kí ẹ gbé e sójú òkè àjà títí màá fi rí i.